Agolo Tó Ń Làágùn: Bí Àbẹ́là Mẹ́sàn-án Ṣe Bàjẹ́ Nínú Mẹ́rìnlélógún

Aago mẹ́jọ alẹ́ ọjọ́ Sátidé ni àǹtí tó ń ṣe gbọ̀ngàn lọ́ṣọ̀ọ́ pè mí. Mo rò pé ó fẹ́ dúpẹ́ ni. Ohun tó sọ ni pé, "Gbọ́ nǹkan," ó sì gbé fóònù rẹ̀ sún mọ́ tábìlì kan. Mo gbọ́ ìlù, mo gbọ́ ariwo àwọn tó ń jẹun, lábẹ́ gbogbo rẹ̀ mo wá ń gbọ́ pàrà, pàrà, ṣíì, bí ìgbà tí omi bá kán sínú òróró gbígbóná.

"Àbẹ́là rẹ nìyẹn," ló wí. "Ìyá ìyàwó ní kí wọ́n gbé e kúrò níwájú òun kó tó ba gèlè òun jẹ́."

Mo ń kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀, torí ó tó ọ̀sẹ̀ méjì tí mo fi ń wá ẹni tí màá dá lẹ́bi, ẹni tí mo sì kọ́kọ́ dá lẹ́bi kò mọwọ́, kò mẹsẹ̀.

Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún mi kò le lójú mi nígbà náà. Àbẹ́là mẹ́rìnlélógún ni, méjì méjì fún tábìlì méjìlá. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ga ní sẹ̀ǹtímítà 15, ìbú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 7.5, ó sì ní ìpele mẹ́ta tó dọ́gba: kírímù lókè, pupa rúsúrúsú láàárín, wáìnì nísàlẹ̀, kó lè bá aṣọ ẹbí mu. Àǹtí kò fẹ́ èyí tó ń dán bíi ti ilé ìtajà. Ó ti rí mẹ́fà tí mo ṣe ní oṣù kìíní fún ọjọ́ ìbí ẹ̀gbọ́n mi, irú rẹ̀ gan-an ló ní òun ń fẹ́: èyí tí ìlà gbọọrọ yí ara rẹ̀ ká, tó gbẹ háúháú, tó sì funfun díẹ̀díẹ̀ bí ẹsẹ̀ ọmọ tí ọyẹ́ mú tí ìyá rẹ̀ kò tíì fi òrí pa. Nílé wa, àbẹ́là ọlọ́yẹ́ là ń pè é. Ọmọ mi ló sọ ọ́ lórúkọ, kò sì sí ẹni tó mọ̀ pé orúkọ náà ti sọ gbogbo ọ̀ràn yìí tẹ́lẹ̀.

Ìyá mi ò gbà pé àríyá ni wọ́n wà fún. Iṣẹ́ méjì ni òun mọ àbẹ́là mọ́, kí iná lọ tàbí kí èèyàn gbàdúrà. Nígbà tó rí mẹ́rìnlélógún lórí tábìlì, aláwọ̀ mẹ́ta mẹ́ta, ó rẹ ohùn sílẹ̀ ó bi mí pé irú ìran wo ni wọ́n rí sí mi ní Sẹ̀lé.

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí. Mo fẹ́ sọ ọ́ kínníkínní torí inú rẹ̀ ni àṣìṣe náà fara pa mọ́ sí.

Ìda párafíìnì tó ń yọ́ ní nǹkan bíi dígírì 58 sí 60 ni mo ń lò. Bó bá rọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, àbẹ́là tó ń dá dúró láìsí abọ́ yóò tẹ̀ nínú ooru Ìbàdàn kí ẹnikẹ́ni tó tàn án. Nínú kílò kan, gíráàmù 100 sítẹ́ríìkì, ìyẹn ásíìdì tí wọ́n ń yọ nínú ọ̀rá, ni mo ń fi sí i. Òun ló ń mú kó le, tó ń mú kí àwọ̀ rẹ̀ ki, tó sì ń jẹ́ kó tètè bọ́ kúrò nínú agolo tí mo ń dà á sí kó lè dì. Agolo kan ń gba nǹkan bíi gíráàmù 600, ìyẹn 200 fún ìpele kọ̀ọ̀kan.

Ìkòkò nínú ìkòkò ni mo fi ń yọ́ ọ: omi ń hó nínú èyí tó tóbi, ìda wà nínú èyí tó kéré. Ẹ má gbé ìda lé iná tààrà. Omi a máa hó kí èèyàn lè mọ̀ pé ó gbóná, ṣùgbọ́n ìda lè dákẹ́ jẹ́ẹ́ títí yóò fi gbaná. Bó bá gbaná, ẹ fi ọmọrí ìkòkò dé e, kí ẹ pa gáàsì. Ẹni tó bá da omi sí i yóò sọ iná inú ìkòkò di iná ilé.

Tó bá dé dígírì 85, màá po àwọ̀ àti lọ́fíńdà mọ́ ọn, màá sì gbé e sọ̀kalẹ̀ kó rọlẹ̀. Àwọ̀ tó ń yọ́ nínú òróró ni kó jẹ́. Mo ti lo àwọ̀ tí wọ́n ń fi sí kéèkì rí, ńṣe ló lọ tòrò sí ìsàlẹ̀ ìkòkò. Mo ti yọ́ kíréyọ̀n ọmọ mi sínú rẹ̀ rí, òwú àbẹ́là náà dí, iná rẹ̀ sì rọra kú bí ẹni tí oorun ń kùn.

Ibi tí ọlọ́yẹ́ ti yàtọ̀ sí èyí tó ń dán ni bí a ṣe ń dà á. Ẹni tó bá fẹ́ kó dán yóò dà á ní gbígbóná sínú agolo tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹni tó bá fẹ́ ọlọ́yẹ́ yóò dúró títí ìda yóò fi sún mọ́ dídì, ní nǹkan bíi dígírì 65, nígbà tí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bá ń fẹ́ yọ létí ìkòkò, inú agolo tútù ni yóò sì dà á sí. Bí ìda náà ṣe ń gòkè nínú agolo ló ń dì mọ́ ògiri rẹ̀, kò ráyè tẹ́jú. Gbogbo ibi tó bá ti dúró kó tó tún gòkè ni yóò fi ìlà sí, bí odò ṣe máa ń fi ìlà sára òpó afárá.

Dídorí kodò la ń ṣe é. Ìsàlẹ̀ agolo ni orí àbẹ́là, nítorí náà kírímù tó máa wà lókè ni mo ń kọ́kọ́ dà. Òwú gba ihò kan ní ìdí agolo wọlé, mo fi amọ̀ tí àwọn ọmọdé fi ń ṣeré dí ihò náà, mo sì so orí kejì òwú mọ́ igi súyà tí mo gbé dábùú ẹnu agolo kó lè dúró tantan.

Láàárín ìpele kan àti òmíràn, dídúró ni gbogbo iṣẹ́ náà. Bí èyí tó wà nísàlẹ̀ bá ṣì ń ṣàn, àwọ̀ méjèèjì yóò dàpọ̀. Bó bá ti tutù tán, èyí tó tẹ̀ lé e yóò kàn jókòó sí i lórí bí àlejò tí kò fẹ́ pẹ́, wọn ò ní di ọ̀kan láé. Ìgbà tó dáa ni ìgbà tí o bá fìka kàn án tó rí bí ẹ̀kọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dì: ó ń mì, kò lẹ̀ mọ́ ọwọ́, ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Párafíìnì a tún máa sún kì bó ṣe ń tutù, àárín rẹ̀ a jìn wọlé. Mo máa ń fi abẹ́rẹ́ gígùn gún ihò mẹ́ta yí òwú ká kó lè mí, lẹ́yìn ìpele tó kẹ́yìn màá fi ìda díẹ̀ tó gbóná ju ti tẹ́lẹ̀ dí kòtò náà.

Ó tán. Kò sí awo kankan níbẹ̀.

Mẹ́fà ti oṣù kìíní, aago márùn-ún ìdájí ni mo ṣe wọ́n. Ọyẹ́ mú gan-an, ètè gbogbo wa ti là. Mo gbé agolo sínú fírísà fún ogún ìṣẹ́jú, mo yọ ọ́, mo da ìda, ó jáde bí mo ṣe fẹ́. Lẹ́yìn ìpele àkọ́kọ́ n kò tún wo ojú fírísà mọ́, ilé ìdáná fúnra rẹ̀ tutù tó.

Oṣù kẹfà ni iṣẹ́ àǹtí bọ́ sí. Òjò ń rọ̀ lójoojúmọ́, aṣọ tí a sá ń di ọjọ́ kẹta kó tó gbẹ. Agolo mẹ́fà péré ni mo ní, ọkùnrin kan tó ń fi páànù ṣe àrọ àti àtùpà ló bá mi jó wọn, nítorí náà ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ní láti da mẹ́fà mẹ́fà. Ọjọ́ ń lọ. Ohun tí mo ṣe lóṣù kìíní ni mo tún ṣe, mo sì fi ọgbọ́n tara mi kún un: lẹ́yìn ìpele kọ̀ọ̀kan, mo ń dá agolo padà sínú fírísà fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kó lè yá. Lọ́jọ́ méjì tí kò síná, jẹnẹrétọ̀ ni mo fi gbé fírísà náà. Gbogbo èrè orí àbẹ́là mẹ́ta ló bá èéfín lọ.

Wọ́n bọ́ nínú agolo, wọ́n rẹwà, mo ya fọ́tò wọn. Mo fi bírò kọ nọ́ńbà sí ìdí wọn láti 1 dé 24 bí mo ṣe dà wọ́n tẹ̀ léra. Nínú gbogbo ìtàn yìí, ohun kan ṣoṣo tí mo ṣe dáadáa nìyẹn. N kò tan ìkankan wò, torí mẹ́rìnlélógún gééré ni wọ́n fẹ́, mẹ́rìnlélógún gééré sì ni mo ṣe.

Lọ́jọ́ àríyá, mẹ́sàn-án ló ń ta. Iná wọn yóò gbéra sókè, yóò wólẹ̀, yóò ta pàrà, yóò tún gbéra. Méjì tilẹ̀ kú fúnra wọn. Mẹ́rin nínú mẹ́sàn-án náà ti là sí méjì níbi tí kírímù ti pàdé pupa. Ọmọkùnrin kan tó ń to tábìlì ní òun di orí ọ̀kan mú láti sún un, orí náà bọ́ sí òun lọ́wọ́ bí ọmọrí. Àǹtí kò pariwo. Ó kó gbogbo rẹ̀ padà fún mi nínú páálí, ó ní kí n wò wọ́n dáadáa. Èyí dùn mí ju kó bú mi lọ.

Ní àárọ̀ Mọ́ńdè mo ti wà ní ṣọ́ọ̀bù Àlàájà kó tó tẹ́ ọjà rẹ̀ tán. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti ń ra ìda láti ọdún tí mo ti bẹ̀rẹ̀, òun náà ló ń ta kọ́sítíìkì fún àwọn tó ń ṣe ọṣẹ.

"Àlàájà, ẹ kú ọjà. Ìda tí ẹ tà fún mi lọ́jọ́sí, omi wà nínú rẹ̀."

"Omi?" Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ìda tí ìwọ fúnra rẹ já àpò rẹ̀ níwájú mi? Ṣé abẹ́rẹ́ ni mo fi gún omi sí i ni?"

Mo ní bóyá sítẹ́ríìkì ni. Ó fa àpò sítẹ́ríìkì wá síwájú mi, ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan jáde. Ó gbẹ bí ìyẹ̀fun. Ara àpò náà ni wọ́n ti kọ Malaysia gàdàgbà.

Ọjọ́ mìíràn, àpò yẹn a máa pa mí lẹ́rìn-ín. Ọ̀pẹ ni wọ́n ń yọ ọ̀pọ̀ sítẹ́ríìkì lára rẹ̀, ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà níbí sì ni ọ̀pẹ ti ṣẹ̀. Ọdún 1825 ni Chevreul àti Gay-Lussac, onímọ̀ kẹ́mísìrì méjì, gba ìwé àṣẹ ní ilẹ̀ Faransé láti máa fi ásíìdì tí wọ́n yọ nínú ọ̀rá ṣe àbẹ́là. Nígbà tó fi máa di àwọn ọdún 1840, ilé iṣẹ́ Price's ní Lọ́ńdọ̀nù ti ń ra epo pupa láti etíkun wa, wọ́n ń sẹ́ ẹ pẹ̀lú ooru omi gbígbóná títí pupa rẹ̀ yóò fi lọ, wọ́n sì ń polówó fún àwọn òyìnbó pé ẹni tó bá ra àbẹ́là elépo ọ̀pẹ ń bá wọn pa òwò ẹrú run. Epo ìyá àwọn ìyá wa ló tan ìmọ́lẹ̀ sí pálọ̀ wọn. Lónìí Malaysia ló ń di ọ̀pẹ sínú àpò ránṣẹ́ sí wa, àwa la sì ń fi dọ́là rà á.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà n kò rẹ́rìn-ín. Mo sọ ọ̀rọ̀ kan tí kò yẹ kí ọmọ sọ sí àgbàlagbà, níwájú oníbàárà méjì. Àlàájà kò dáhùn rẹ̀. Ó wọ awò ojú rẹ̀ padà, ó ní, "Lọ ra á lọ́dọ̀ ẹlòmíì, kí o lọ dán an wò." Mo bínú lọ. Ìmọ̀ràn náà gan-an ló sì yanjú ọ̀rọ̀.

Mo ní kí àbúrò mi bá mi ra kílò méjì ní ọjà kẹ́míkà Òjótà ní Èkó, ó gbé e wá lópin ọ̀sẹ̀. Mo da àbẹ́là mẹ́ta lọ́jọ́ kan náà, òwú kan náà, lọ́fíńdà kan náà. Ìda Àlàájà nínú agolo tó ti inú fírísà jáde. Ìda Àlàájà nínú agolo tó wà lórí tábìlì láti àárọ̀. Ìda Òjótà nínú agolo fírísà. Mo gbà pé méjì tí mo fi ìda Àlàájà ṣe nìkan ni yóò ta, mo sì ti ń to ọ̀rọ̀ tí màá lọ sọ fún Àlàájà.

Èyí àkọ́kọ́ ta lóòótọ́. Ti Òjótà ta jù ú lọ. Ìda Àlàájà tó wà nínú agolo orí tábìlì jó jẹ́jẹ́ fún wákàtí mẹ́ta, títí ìda yíyọ́ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé etí rẹ̀ yíká, bó ṣe yẹ kí àbẹ́là tó fẹ̀ tó báyìí jó. Ẹ̀bi kan ṣoṣo tó ní ni pé ara rẹ̀ tẹ́jú, ìlà rẹ̀ kò hàn.

Mo jókòó sórí àpótí nínú ilé ìdáná. Ìda ti bọ́ nínú ẹjọ́. Ó ku èmi àti fírísà.

Ìgbà yẹn ni mo tó rántí nọ́ńbà tí mo kọ sí ìdí wọn. Mo to mẹ́sàn-án náà sílẹ̀, mo yí ìdí wọn sókè, mo sì kọ wọ́n sínú ìwé: 5, 6, 11, 12, 17, 18, 22, 23, 24. Mẹ́fà mẹ́fà ni mo dà wọ́n. Ní gbogbo ìgbà, àwọn tó kẹ́yìn ló bàjẹ́. Kò sí nọ́ńbà 1, kò sí 7, kò sí 13, kò sí 19. Kí ló ṣẹlẹ̀ sí agolo karùn-ún àti ìkẹfà tí kò ṣẹlẹ̀ sí èyí àkọ́kọ́? Agolo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni mo máa ń kó jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Bí mo ṣe ń da ti àkọ́kọ́, tí mo ń gbé òwú rẹ̀ dúró, tí mo ń nu ẹnu ìkòkò, àwọn yòókù ń dúró dè mí lórí tábìlì.

Mo ṣì ń wo ìwé náà nígbà tí ọmọ mi ti ilé ìwé dé. Ó yọ píọ́ wọ́tà kan nínú fíríìjì, ó mu ún dé ààbọ̀, ó gbé ìyókù lé orí ìwé mi, ó lọ bọ́ aṣọ. Nígbà tí mo fi máa gbé ọ̀rá náà kúrò, 22, 23 àti 24 ti di omi aláwọ̀ búlúù. Mo yẹ ọ̀rá náà wò bóyá ó ń jò. Kò jò. Ó ń làágùn ni.

Mo dìde, mo lọ yọ agolo òfìfo kan nínú fírísà, mo gbé e síwájú aago. Láàárín ìṣẹ́jú kan, inú rẹ̀ ti ṣú bí dígí tí èèyàn mí sí. Ní ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ̀kán omi wínníwínní ti so mọ́ ògiri rẹ̀. Ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo gbọ̀n ọ́n sí àtẹ́lẹwọ́ mi, omi kán sí i.

Kò sí ohun tó ṣàjèjì níbẹ̀. Afẹ́fẹ́ ìgbà òjò ru omi lọ́wọ́, ohun tútù tó bá kọ́kọ́ fara kàn ni yóò sọ ọ́ kalẹ̀ sí. Irú ìrì tó ń wà lórí koríko láàárọ̀ ló wà nínú agolo mi lọ́sàn-án gangan. Ọyẹ́ ò ru nǹkan kan lọ́wọ́. Afẹ́fẹ́ tó ń gba omi ara ètè wa, níbo ni yóò ti rí ti agolo láti kó sílẹ̀? Ohun tó pa mí mọ́ ní oṣù kìíní kì í ṣe ọgbọ́n mi.

Omi náà kò sì dúró sí ara ògiri. Ó ń ṣàn lọ sí ìdí agolo, níbi tí òwú gbà wọlé, tó jẹ́ pé ibẹ̀ gan-an ni orí àbẹ́là. Mo da ìda bò ó mọ́lẹ̀. Òwú tó mu omi ni wọ́n ń tanná sí láàárín àríyá.

Ti àwọn tó là tún ní ìdí tirẹ̀. Mo fi ọ̀bẹ ya ọ̀kan wò. Ojú ibi tí kírímù àti pupa ti pàdé ń dán, ihò wẹ́wẹ́ bí ojú abẹ́rẹ́ sì kún orí rẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ihò yẹn jẹ́ ibi tí ẹ̀kán omi kan jókòó sí tí kò jẹ́ kí ìda fara kan ìda. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí mo fi ń dá wọn padà sínú fírísà ló ṣe é: orí ìpele àkọ́kọ́ tutù, mo gbé e jáde, ìrì sẹ̀ sí i lórí, mo da pupa lé ìrì. Ṣùgbọ́n mi ò ní di gbogbo ẹrù ru ìrì. Ìpele tó tutù tó bẹ́ẹ̀, kódà kó gbẹ bí egungun, kò ní lẹ̀ mọ́ èyí tó tẹ̀ lé e dáadáa. Mo ti sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ tó ń dì lókè. Mo mọ̀ ọ́n, mo sì fi ìkánjú gbàgbé rẹ̀.

Ó wá ku bí mo ṣe máa rí agolo tó tutù tó láti fi ìlà sára ìda, tí kò sì tutù débi tí yóò fi làágùn. Mo kọ́kọ́ gbé agolo sínú omi yìnyín. Ó làágùn bíi ti fírísà, ó tilẹ̀ yára jù ú lọ. Mo dán ìnujú wò, pé kí n máa fi aṣọ gbígbẹ nu inú rẹ̀ kí n tó da ìda. Kí n tó mú aṣọ kúrò ó ti ń ṣú padà, òwú aṣọ sì lẹ̀ mọ́ ara àbẹ́là bí irun ológbò.

Omi kànga ló gbà. Mo fi tẹmómítà wọn ún láàárọ̀ kùtù, ó jẹ́ dígírì 26, ilé ìdáná jẹ́ 30. Mo gbé agolo sínú béèsìnì omi náà fún ìdajì wákàtí, mo yọ ọ́, mo fi ìka yí inú rẹ̀ ká. Gbígbẹ. Ó kàn tutù bí ìgbà tí èèyàn fọwọ́ kan ilẹ̀ sìmẹ́ńtì láàárọ̀.

Kò kúkú rọrùn tó bó ṣe dún. Agolo òfìfo a máa léfòó, nítorí náà mo gbé àwo irin lé e lẹ́nu, mo sì gbé òkúta ata lé àwo. Lẹ́ẹ̀kejì, omi gba ìdí wọlé, amọ̀ ìṣeré ò lè dá a dúró, mo sì tún da ìda lé omi bí ẹni tí kò kọ́gbọ́n. Láti ìgbà náà, ọ̀rá méjì ni mo ń fi wọ ìdí agolo, mo sì ń fi rọ́bà dè é lókè omi kí n tó gbé e wọnú béèsìnì. Inú omi náà ni ó máa wà títí ìpele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò fi pé, mo ń pààrọ̀ omi bó bá ti ń lọ́ wọ́ọ́rọ́. Kírímù ni mo ń dà ní 65. Pupa àti wáìnì, mo ń jẹ́ kí wọ́n wà ní 68 tàbí 70 kí wọ́n lè yọ́ orí èyí tó wà nísàlẹ̀ díẹ̀ kó tó di pé wọ́n dì. Ó ń gbà mí ní nǹkan bí ìṣẹ́jú àádọ́ta láàárín ìpele kan sí òmíràn, ìka mi ló sì ń sọ ìgbà tó tó, aago kọ́.

Ìlà wọn kò jin tó ti oṣù kìíní. Mi ò ní parọ́. Ẹni tó bá gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn yóò mọ ọmọ ọyẹ́ yàtọ̀ sí ọmọ òjò. Ṣùgbọ́n mo da mẹ́fà, mo tan mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ìkankan ò ta, mo sì fi ìpele wọn gbá etí tábìlì, kò là. Wáìnì nìkan ló ṣì ń yọ mí lẹ́nu: bó bá pẹ́ nílẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ a máa rìn wọ inú ìpele tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nítorí náà mi ò kì í fi wáìnì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kírímù, mo sì ń sọ fún oníbàárà pé kó má tọ́jú u dọdún tó ń bọ̀.

Mo dá owó àbẹ́là mẹ́sàn-án padà fún àǹtí. Ó kà á lójú mi, ó fi sínú báàgì, ó ní iṣẹ́ mìíràn ń bọ̀ lóṣù kẹsàn-án, ogún ni, ṣùgbọ́n mọ́kànlélógún ni kí n gbé wá, òun ni òun máa yan èyí tí a máa tàn lójú òun. Láti ìgbà náà, bó ti wù kí iṣẹ́ kéré tó, mo ń fi ọ̀kan lé e.

Ọ̀dọ̀ Àlàájà ló le. Mo mú èyí tó dára jù nínú mẹ́fà tuntun tí mo dà tẹ̀ lé e, mo fi bébà wé e, mo lọ ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tí mo mọ̀ pé èrò ò ní pọ̀. Oníbàárà mẹ́ta wà níbẹ̀. Mo kúnlẹ̀ lójú wọn, torí ojú èèyàn náà ni mo ti sọ̀rọ̀ yẹn. Mo ṣàlàyé fírísà, mo ṣàlàyé ìrì, mo ṣàlàyé nọ́ńbà ìdí àbẹ́là. Ó gbọ́ ọ délẹ̀.

"O ò rí igo mínírà tí wọ́n yọ nínú yìnyín rí ni?"

"Mo rí i, mà."

"Àtìgbà tí mo ti wà lọ́mọdé ni mo ti ń fi etí ìró nù ún kí n tó mu ún." Ó gba àbẹ́là náà, ó yí i po, ó fi èékánná wo ojú ibi tí ìpele ti pàdé. "Dìde. Eruku ń bẹ nílẹ̀."

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e mo padà lọ ra ìda. Àbẹ́là náà wà lórí pẹpẹ, láàárín kọ́sítíìkì àti àwọn agolo àwọ̀, bébà kékeré kan lẹ̀ mọ́ ọn pẹ̀lú iye owó. Ó fi ẹgbẹ̀rún kan náírà lé iye tí èmi fúnra mi ń tà á.

Mo ní, "Àlàájà, mo fi ta yín lọ́rẹ ni o."

"Mo mọ̀," ló wí. "Ṣé o fẹ́ rà á ni?"